Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tí ó fẹ́ ṣẹ̀dá ẹranko ràgàjì inú aṣálẹ̀ fún ìtàn àròsọ

Ìtàn àròsọ wa kò ṣàìní ẹranko abàmì, ṣùgbọ́n inú igbó kìjikìji ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé, níbi tí oúnjẹ, omi àti ìbòòji ti pọ̀ débi pé òǹkọ̀wé kì í sábà ro ohun tí ẹranko náà yóò jẹ tàbí ibi tí yóò sùn. Aṣálẹ̀ kì í fún ni ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹranko ńlá kan sínú Ṣàhárà láìṣírò oúnjẹ rẹ̀, òǹkàwé tó bá mọ nǹkan díẹ̀ nípa ooru àti ọ̀dá yóò béèrè pé kí ni ó ń jẹ kí àwọn arìnrìn-àjò inú ìtàn yín tó kọjá níbẹ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún òǹkọ̀wé, ayàwòrán àti ẹni tí ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, tí ó fẹ́ kí ẹranko àtinúdá rẹ̀ lè dúró níwájú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹranko kan ṣoṣo ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, Awẹyanrìn ni mo sì sọ ọ́. Kò sí níbì kankan láyé, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ohun tí mo bá sọ nípa àwọn ẹranko mìíràn tí mo ti yá ẹ̀yà ara rẹ̀.

Ilẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ìwọ̀n ara, lẹ́yìn náà oúnjẹ. Eyín àti èékánná ni ó kẹ́yìn, nítorí ẹni tó bá ti orí eyín bẹ̀rẹ̀ yóò máa wá oúnjẹ fún eyín náà títí ìtàn yóò fi parí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú ilẹ̀ kan pàtó

Ṣàhárà fẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án kìlómítà onígun mẹ́rin, ṣùgbọ́n yanrìn kò bò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ. Òkúta, ìta olókùúta wẹ́wẹ́ àti òkè ni ó gba ìyókù. Ẹranko tó bá ń gbé inú yanrìn kò lè rìn láti Mọriténíà dé Íjíbítì láìforí sọ àpáta, nítorí náà ẹ fún un ní ibùgbé tó ní ààlà. Ilẹ̀ Ténéré ní orílẹ̀-èdè Niger ni mo mú fún Awẹyanrìn. Ó wà láàárín òkè Aïr ní ìwọ̀-oòrùn àti ìlú Bilma ní ìlà-oòrùn, níbi tí àwọn oníràkúnmí ti ń ra iyọ̀ láti ayé àtijọ́. Òkìtì yanrìn pọ̀ níbẹ̀, òkè Aïr sì máa ń rí òjò díẹ̀ láàárín oṣù keje sí ìkẹsàn-án, kókó kan tí a ó padà lò.

Ilẹ̀ yìí kò jìnnà sí wa tó bí a ṣe rò. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti àárín Ṣàhárà, pàápàá láti kòtò ńlá Bodélé ní ilẹ̀ Chad, ni ó ń gbé eruku ọyẹ́ wá bá wa láti oṣù kọkànlá. Ìsàlẹ̀ adágún omi ayé àtijọ́ ni Bodélé, ó sì wà lára ìdí tí eruku rẹ̀ fi kún fún èèpo ara àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú omi. Láàárín nǹkan bí ọdún 11,000 sí 5,000 sẹ́yìn, koríko, adágún àti ẹran ìgbẹ́ wà ní ibi tó jẹ́ yanrìn lónìí. Àwọn ará ìgbà náà gbẹ́ àgùnfọn sára àpáta Dabous ní Niger, gíga rẹ̀ sì tó ti àgùnfọn gan-an. Àsìkò yìí kúrú jù fún ẹranko tuntun láti di ẹranko aṣálẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ibi tí tiyín ti ṣẹ̀, ẹ lọ sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, kí ẹ jẹ́ kí ó la ìgbà tútù àti ìgbà gbígbẹ kọjá léraléra.

Àwọn Tuareg, àwọn Tubu àti àwọn Kànúrí ni ó ni ilẹ̀ yìí, kì í ṣe àwa. Bí ènìyàn inú ìtàn yín bá jẹ́ Yorùbá tó bá ọkọ̀ akẹ́rù kọjá níbẹ̀, kí ó mọ̀ pé àwọn onílé ti mọ ẹranko náà kí òun tó dé.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣírò ìwọ̀n ara

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹranko àtinúdá ti ń kú. Ní ọdún 1638, Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, ṣàlàyé pé bí a bá sọ gígùn nǹkan di ìlọ́po méjì láìyí ìrísí rẹ̀ padà, fífẹ̀ ojú rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí egungun àti iṣan ṣe nípọn tó ni agbára wọn mọ, ẹrù tí wọ́n ń gbé sì ń pọ̀ ju ìnípọn náà lọ bí ara ṣe ń tóbi sí i. Ẹranko tó bá kàn fẹ̀ bí ẹni fẹ́ bàlúùnù yóò dé ibi tí egungun rẹ̀ kò ti ní lè gbé e mọ́.

Alángbá kékeré kan wà ní Ṣàhárà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Scincus scincus. Ó ń wẹ nínú yanrìn, òun sì ni mo fi ṣe baba ńlá Awẹyanrìn. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, tó sì wúwo tó gíráàmù 16. Bí a bá sọ gígùn rẹ̀ di ìlọ́po 400, yóò di mítà 60, èyí tí inú ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé yóò dùn sí; ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ yóò di ìlọ́po mílíọ̀nù 64, ìyẹn tọ́ọ̀nù 1,024. Àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù ni ẹranko tó wúwo jù lọ láyé lónìí, kì í sì í sábà gùn ju mítà 30 lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í tó tọ́ọ̀nù 200. Omi ni ó ń bá a gbé ara. Nígbà tí ó bá gúnlẹ̀ sí etíkun, ìwúwo ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pa.

Bí a bá dín in kù sí ìlọ́po 40, a ó ní mítà mẹ́fà, ìwúwo rẹ̀ yóò sì jẹ́ ìlọ́po 64,000, tí í ṣe kìlógíráàmù 1,024. Iye yìí ṣeé gbà, torí pé àwọn akọ ọ̀nì inú omi iyọ̀ ní Éṣíà àti Ọsirélíà tó tóbi jù ń tó mítà mẹ́fà àti tọ́ọ̀nù kan. Awẹyanrìn yóò wúwo tó ràkúnmí méjì. Mo mọ̀ pé mítà mẹ́fà lè má tẹ́ ẹni tó fẹ́ kí ìlú mì lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá dúró lórí òkìtì yanrìn ní òru, tí ohun tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan sì ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní béèrè èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbàgbé láti tún ìrísí rẹ̀ ṣe pẹ̀lú: egungun ìhà rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn ju ti alángbá lọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, kí ikùn rẹ̀ sì máa fara ti ilẹ̀ nígbà tí kò bá rìn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá oúnjẹ tó tó

Ní ọdún 1932, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Max Kleiber, fi hàn pé okun tí ẹran ọlọ́yàn ń ná kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìwúwo rẹ̀. Ẹran tó wúwo ju òmíràn lọ ní ìlọ́po 10,000 ń lo okun tó jẹ́ ìlọ́po 1,000 péré. Nípa ìṣirò tirẹ̀, ẹran ọlọ́yàn tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan yóò máa ná nǹkan bíi kìlókálórì 12,400 lójúmọ́ bí ó tilẹ̀ dùbúlẹ̀ lásán. Ohun tó tó bẹ́ẹ̀ kò sí ní Ténéré fún ẹran kan ṣoṣo, ká má tíì sọ ti agbo. Ṣùgbọ́n àwọn ẹran afàyàfà, tí kì í dáná ooru sínú ara wọn, kì í ná ju bí ìdá mẹ́wàá iye yẹn lọ. Ìdí nìyí tí Awẹyanrìn fi jẹ́ ìbátan alángbá. Kìlókálórì 1,240 lójúmọ́ yóò tó o nígbà ìsinmi.

Kí ni yóò jẹ? Èsì tó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ni ràkúnmí tàbí ènìyàn, èsì náà kò sì dára. Àwọn ẹran ńlá tó wà ní Ténéré kò pọ̀ tó, wọ́n sì jìnnà síra jù; ẹranko tó bá gbójú lé wọn ti kú fún ebi kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Àbùùbùtán fúnra rẹ̀ kì í jẹ ohun ńlá, ẹran wẹ́wẹ́ tó pọ̀ lọ súà ni ó ń gbé mì. Nítorí náà ẹ béèrè pé ohun kékeré wo ni ó máa ń pọ̀ lọ súà ní aṣálẹ̀. Eéṣú ni.

Eéṣú aṣálẹ̀ tó dàgbà wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù méjì, ó sì lè jẹ ewéko tó wúwo tó ara rẹ̀ lójúmọ́. Ọ̀wọ́ tó bo kìlómítà onígun mẹ́rin kan lè ní mílíọ̀nù 40 sí 80 eéṣú nínú. Bí a bá fi mílíọ̀nù 40 ṣírò, tọ́ọ̀nù 80 ẹran nìyẹn lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Gíráàmù 100 eéṣú ní nǹkan bíi kìlókálórì 180 nínú, èyí já sí pé eéṣú bíi 350 yóò bọ́ Awẹyanrìn tó ń sinmi fún ọjọ́ kan, kìlógíráàmù 250 yóò sì bọ́ ọ fún ọdún kan. Oúnjẹ wà, wàhálà rẹ̀ ni pé kì í wà ní gbogbo ìgbà.

Nísinsìnyí ni ẹnu àti eyín kàn. Ká ní Awẹyanrìn fẹ́ jẹ kìlógíráàmù 100 ní òru kan, ìyẹn eéṣú 50,000. Bí 40 péré bá wà lórí mítà onígun mẹ́rin kan, tí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ tó ìdajì mítà, yóò ní láti wọ́ rìn ní kìlómítà méjì ààbọ̀ kí ó tó yó, àní bí ẹyọ kan kò bá bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Èyí pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ eéṣú tí kò tíì níyẹ̀ẹ́ máa ń kó ara wọn jọ bí ọmọ ogun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì lè wà lórí mítà kan náà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tilẹ̀ fúyẹ́ ju àgbà lọ, wọn kò lè fò. Àwọn ni ẹranko wa yóò máa lé. Ẹnu rẹ̀ yóò fẹ̀ pẹẹrẹ, yóò sì pẹlẹbẹ bí ọkọ́. Kò nílò eyín gígùn. Ìlà líle wẹ́wẹ́ tó tò sí etí àgbọ̀n rẹ̀ ni yóò máa jọ̀ yanrìn kúrò lára ẹran kí ó tó gbé e mì. Ó lè dun ayàwòrán tó ti ya eyín bí idà, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ó ń pinnu ẹnu.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ooru àti omi

Ojú yanrìn Ṣàhárà lè gbóná dé ìwọ̀n 70°C ní ọ̀sán, kí ó sì tutù gan-an ní òru ìgbà ọyẹ́. Bí ẹ bá wa ilẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì mítà, ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ẹranko tó bá lè wọlẹ̀ dé mítà kan ti bọ́ lọ́wọ́ oòrùn, kò nílò ìpẹ́ tó ń tàn tàbí àwọ̀ tó ń yọ èéfín. Bí ìtàn yín bá fẹ́ kí ó jáde ní ọ̀sán gangan, ara ńlá rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, nítorí ohun ńlá kì í tètè gbóná. Ṣùgbọ́n kì í tètè tutù bákan náà, nítorí náà kí ó jáde fún ìgbà kúkúrú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ná an ní nǹkan.

Ní ti omi, ràkúnmí ni olùkọ́ wa. Ní ìdajì ọ̀rúndún ogún, onímọ̀ nípa ẹranko, Knut Schmidt-Nielsen, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Béni Abbès ní Àlùjíríà láti wo bí ó ṣe ń ṣe é. Wọ́n rí i pé ike ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe àmù omi, ọ̀rá ni; pé ó lè pàdánù omi tó tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo ara rẹ̀ láìkú; àti pé ó máa ń jẹ́ kí ara rẹ̀ gbóná láti ìwọ̀n 34°C ní òwúrọ̀ dé nǹkan bí 41°C ní ìrọ̀lẹ́ dípò kí ó làágùn. Ó lè mu ọgọ́rùn-ún lítà omi láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Awẹyanrìn kò ní ibi tí yóò ti rí ọgọ́rùn-ún lítà. Inú ẹran eéṣú àti inú ọ̀rá ara rẹ̀ ni omi rẹ̀ yóò ti wá, torí pé gíráàmù kan ọ̀rá tí ara bá jó ń mú omi tó lé díẹ̀ ní gíráàmù kan jáde. Ìrù ni mo kó ọ̀rá náà sí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè máa yọ̀ gba inú yanrìn kọjá láìsí ike.

Bí adìyẹ àti alángbá ilé wa ni yóò ṣe máa ṣu: ìtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe omi, ohun funfun tó ki ni, tí kì í ná omi púpọ̀. Ìdọ̀tí funfun tó tó àwo ńlá lórí yanrìn pupa jẹ́ àmì tó dára fún ìtàn. Ẹni tó mọ ilẹ̀ yóò rí i, yóò sì yà kúrò lọ́nà láìsọ̀rọ̀, àlejò yóò sì máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí yóò ṣe rìn àti bí yóò ṣe mí

Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Georgia Tech ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ Daniel Goldman, fi ẹ̀rọ tó ń wo inú ara wo alángbá Scincus yẹn lábẹ́ yanrìn. Ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lókè, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọlẹ̀ tán ni ó ń ká ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ra, tí ó sì ń fi ara nìkan ṣe ìgbì láti orí dé ìrù. Ẹ̀kọ́ pàtàkì wà níbẹ̀ fún wa. Nínú omi, ẹja tó bá rọra lọ kì í rí ìdènà púpọ̀. Yanrìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí ẹ yára ni, bí ẹ rọra ni, ìdènà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà níwọ̀n ìgbà tí eré kò bá pọ̀ jù, ó sì ń le sí i bí ẹ ṣe ń wọ ìsàlẹ̀. Gbogbo mítà tí Awẹyanrìn bá wẹ̀ ni yóò san owó rẹ̀ pé.

Ìpinnu mẹ́rin ni mo tìtorí èyí ṣe. Kì í wẹ ju ọgọ́rùn-ún mítà díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìrìn jíjìn rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ ní òru. Kì í wọlẹ̀ ju mítà kan àbọ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ òkìtì tí afẹ́fẹ́ kì í bá tààrà ni ó sì ń gbé, nítorí yanrìn ibẹ̀ rọ̀, kò sì tẹ̀ mọ́ra bíi ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbogbo ìran tí ẹranko ràgàjì ti ń sáré lábẹ́ ilẹ̀ ju ọkọ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà ni a ti fi àwọn ìpinnu wọ̀nyí lé jáde.

Afẹ́fẹ́ wà láàárín hóró yanrìn, alángbá kékeré sì ń rí i mí. Ara tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan yóò tètè lo èyí tó yí i ká tán, nítorí afẹ́fẹ́ tuntun kì í yára wọ inú yanrìn. Ẹ gbé ihò imú rẹ̀ sí òkè orí, bíi ti ọ̀nì, kí imú nìkan máa yọ síta nígbà tó bá sinmi. Ẹ̀bùn kan tún wà tí a lè yá lọ́wọ́ alángbá náà: ó máa ń rọra fa èémí sínú, ó sì ń fi agbára lé e jáde, kí hóró tó bá wọlé lè bá èémí náà jáde. Bí Awẹyanrìn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó jókòó nítòsí ní òru yóò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ gígùn, lẹ́yìn náà fúù kan lójijì, tí yanrìn díẹ̀ yóò sì fò sókè.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí yóò ṣe mọ ohun tó ń lọ

Ojú kò wúlò púpọ̀ lábẹ́ yanrìn. Ní aṣálẹ̀ Namib ní gúúsù Áfíríkà, ẹranko kékeré kan wà tó jọ asín, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá tí àwọ̀ sì ti bò ó. Egungun inú etí rẹ̀ tóbi ju bó ti yẹ lọ. Ó máa ń ti orí bọ yanrìn bí ó ṣe ń rìn, kí ó lè gbọ́ mímì ilẹ̀ lábẹ́ ìdí koríko, ibẹ̀ ni ikán tó ń jẹ sì máa ń wà. Àkeekèé inú yanrìn ní Amẹ́ríkà ń ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀: ní ọdún 1977, Philip Brownell fi hàn pé ìgbì tí kòkòrò dá sínú yanrìn máa ń kan ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní àkókò tó yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyàtọ̀ náà ni àkeekèé sì fi ń mọ ibi tí ohun jíjẹ wà.

Paramọ́lẹ̀ oníwo ti Ṣàhárà ń gbé àgbọ̀n lélẹ̀ fún irú iṣẹ́ kan náà, òun ni mo sì fi ṣe àwòkọ́ṣe. Awẹyanrìn ní àgbọ̀n gígùn, egungun rẹ̀ sì so mọ́ etí inú. Ohun mẹ́ta ni kí ó mọ̀ dáadáa: òjò tó ń kán lu yanrìn, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ eéṣú tó ń rìn pọ̀, àti ìró Awẹyanrìn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá ń fi ìrù lu ilẹ̀. Ìyókù jẹ́ ariwo fún un. Yanrìn kì í gbé ìgbì lọ jìnnà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ó gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo láti kìlómítà mẹ́wàá. Ẹ fún un ní ọgọ́rùn-ún mítà díẹ̀, kí òjò ńlá nìkan lè jí i láti ibi tó jìn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kọ kàlẹ́ńdà ayé rẹ̀

Òjò díẹ̀ máa ń rọ̀ lórí òkè Aïr àti ilẹ̀ Tamesna láàárín oṣù keje sí ìkẹsàn-án. Eéṣú ń fi ẹyin sínú yanrìn tútù. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ẹyin á pa, àwọn ọmọ yóò sì rìn fún oṣù kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó níyẹ̀ẹ́. Nítorí náà, àkókò àsè Awẹyanrìn kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ lọ́dún tí ó bá dára. Ọdún tí kò dára sì pọ̀. Ìwọ́jọpọ̀ eéṣú ńlá wáyé ní 1986 sí 1989, òmíràn sì tún dé bá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 2003 sí 2005. Láàárín wọn, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí eéṣú tú ká, tí kò sì tó kó jọ.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ara rẹ̀ lè fara dà á. Gíráàmù kan ọ̀rá ní kìlókálórì mẹ́sàn-án nínú, èyí túmọ̀ sí pé kìlókálórì 1,240 jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 138 ọ̀rá lójúmọ́, tàbí kìlógíráàmù 50 lọ́dún. Bí ìrù rẹ̀ bá gba kìlógíráàmù 200, ọdún mẹ́rin ni. Bí ó bá tún dín iná ara rẹ̀ kù nínú oorun gígùn, bíi ti ẹja Áfíríkà kan tó ní ẹ̀dọ̀fóró, tí ń di ara rẹ̀ mọ́ inú ẹrẹ̀ gbígbẹ títí òjò yóò fi padà, ó lè tó ọdún mẹ́jọ. Ìwọ́jọpọ̀ kékeré tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá òkè Aïr ni yóò sì máa fi tán ìyókù. Kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn, bó sì ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn: ó yẹ kí àwọn kan nínú wọn máa kú sójú oorun.

Ìgbà tí ìrù bá kún nìkan ni abo lè lóyún. Mo jẹ́ kí ó bí ọmọ láàyè dípò kí ó yé ẹyin, nítorí ẹyin ńlá nílò ọ̀rinrin tó pẹ́ nínú ilẹ̀. Ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni, gígùn wọn kò ju apá ènìyàn lọ. Èèrà, ikán àti kòkòrò wẹ́wẹ́ mìíràn ni wọ́n ń jẹ, wọn kò sì bá ìyá wọn gbé. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ aṣálẹ̀, ejò àti ẹyẹ ìwò yóò pa èyí tó pọ̀ jù. Bí ẹ bá ń ronú iye wọn lápapọ̀, ẹ má kọjá ọgọ́rùn-ún díẹ̀ ní gbogbo Ténéré.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ kó o pàdé ènìyàn

Ẹ̀rù tó wà lára ẹranko yìí kò sí nínú pé ó ń jẹ ènìyàn. Ó wà nínú pé ó wúwo, kì í wò, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní òru níbi tí ènìyàn ń sùn sí. Ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn ti dùn jù lójú tèmi ni májèlé. Nígbà tí eéṣú bá pọ̀, ìjọba àti àwọn àjọ ń fi ọkọ̀ òfuurufú fọ́n oògùn sí wọn, wọ́n sì ní ìdí tó dájú, torí pé ọ̀wọ́ eéṣú kìlómítà onígun mẹ́rin kan lè jẹ oúnjẹ tó lè tó ènìyàn 35,000 lójúmọ́. Ẹranko tó ti ń dúró de ọdún eéṣú fún ọdún mẹ́fà yóò jáde wá jẹ májèlé. Àgbẹ̀ kò ṣẹ̀, ẹranko náà kò sì ṣẹ̀. Ẹ kò nílò ọ̀tá mìíràn nínú ìwé yín.

Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ti fẹ́ kọ ọ́, ẹ má kó ìṣirò sójú ewé. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ mọ̀ hàn nínú ìṣe rẹ̀. Èyí ni bí mo ṣe kọ òwúrọ̀ kan:

Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Òtútù ti mú àwọn ọmọ eéṣú, wọ́n dì mọ́ ìdí koríko gbígbẹ ní òkìtì òkìtì, dúdú àti ìyeyè, ẹsẹ̀ wọn kò sì lè gbé wọn tara. Yanrìn tó wà lẹ́bàá wọn yọ́ wálẹ̀ díẹ̀, ó dúró, ó tún yọ́. Àgbọ̀n pẹlẹbẹ kan jáde, ó fara ti ilẹ̀, kò mì fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó gba abẹ́ koríko kọjá, òkìtì eéṣú kan kò sí mọ́, yanrìn sì ń ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu méjèèjì bí ìgbà tí a bá ń jọ èlùbọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kan òkìtì yanrìn tó ga jù. Àwọn eéṣú tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í mira, ó sì yí orí padà sí ibi tó ti wá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìran kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ìgbà wo ni ẹranko yìí jẹun kẹ́yìn? Ìkejì, kí ni ìgbòkègbodò inú ìran yìí ná an, níbo ni yóò sì ti rí i dá padà? Ìkẹta, irú yanrìn wo ni ó wà ní abẹ́ rẹ̀? Bí ìran kan bá kùnà ìbéèrè kejì, bóyá nítorí pé ó lé ọkọ̀ fún wákàtí méjì, ẹ má ṣe fi idán gbà á là. Ẹ dín ìran náà kù, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹranko náà kú ní orí tó tẹ̀ lé e, kí ẹlòmíràn sì rí òkú rẹ̀ pẹ̀lú ìrù tó ti rọ̀ jọwọlọ.

Ayàwòrán tó bá ń bá yín ṣiṣẹ́ nílò ojú ewé kan péré: ihò imú ní òkè orí, ojú kékeré tí ìpẹ́ tó mọ́ bí díńgí bò, ẹnu fífẹ̀ láìsí eyín gígùn, àgbọ̀n tó gùn ju imú lọ, ìpẹ́ tó ń dán, tí yanrìn kò lè lẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ mẹ́rin tó kúrú, tí kòtò wà lára ìhà fún láti ká wọn sí. Ìrù ni kí ó yà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ọdún eéṣú nígbà tó sanra ju itan ènìyàn lọ, èkejì fún ọdún ìyàn nígbà tí egungun rẹ̀ ti ń hàn.